Ṣúgà Mọ́mì ló ń pè mí lóru

Aago 2 òru ni fóònù mi figbe ta. Mo rò pé èèyàn ló ń pè, àṣé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì ni, ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà tó wà lápá wọn ló ránṣẹ́ sí fóònù mi. 58 ló kọ síbẹ̀, ọfà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì dorí kodò. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ṣúgà á mọ̀ pé tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, nǹkan ti fẹ́ ṣe nìyẹn, tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulínì tó ń gbé ṣúgà wálẹ̀ ni, tó tún wà lójú oorun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rántí wọ bàtà. Mo da ṣúgà sómi, mo rò ó wàràwàrà, mo sáré lọ sí yàrá wọn, ìdajì ẹ̀ ti dà sílẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Wọ́n ń sùn fọnfọn. Mo ní "Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ mu nǹkan yìí, ṣúgà yín ti lọlẹ̀." Wọ́n la ojú kan, wọ́n ní "Ta ló sọ fún ẹ?" Mo ní fóònù ni. "Fóònù? Èmi tí mo ni ara mi ò mọ̀, fóònù ló wá mọ̀?"

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, a gún ìka wọn bí a ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, 104 ló gbé wá. Ara wọn dá ṣáṣá. Apá tí ẹ̀rọ yẹn wà lára ẹ̀ ni wọ́n sùn lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i rí, ó dà bíi bọ́tìnnì ńlá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá, ó ní nǹkan tín-ín-rín kan bí irun tó wọlé sábẹ́ awọ, ọjọ́ mẹ́wàá tàbí 14 ló máa ń lò kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ń kà, omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ awọ ló ń kà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, tó o bá sì fi ara tẹ ibẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè lọ bọ̀ dáadáa níbẹ̀, ẹ̀rọ á wá rí ṣúgà kékeré, á máa lọgun kiri. Kò parọ́ o, ohun tó rí níbi tó wà ló sọ.

Mi ò wá bú ẹ̀rọ níbí o. Ohun tó ti ṣe fún wa nínú ilé yìí kò kéré. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ la máa ń gún ìka, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó gbé ìwé lọ bá dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni nọ́ńbà àárọ̀ kan fẹ́ sọ nípa ọ̀sán àti òru? Èyí tó wà lápá wọn ń kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìyẹn 288 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Mọ́mì rí i pé omi èso inú páálí tí wọ́n máa ń mu láàárọ̀, tí wọ́n ní ó ń ṣara lóore, ló ń gbé ṣúgà wọn fò kọjá 220 kó tó di wákàtí kan. Wọ́n tún rí i pé tí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n rìn yí ilé po fún 20 ìṣẹ́jú, ìlà tí fóònù fi ń ya ṣúgà wọn á kàn rọra tẹ́ sílẹ̀ ni. Dókítà ti sọ méjèèjì títí ẹnu fi bó o, wọn ò gbọ́. Ìlà orí fóònù ni wọ́n gbọ́ tiẹ̀.

Nígbà tí a tún padà lọ, Mọ́mì ló ń tọ́ka, "Dókítà, ẹ wo Túsìdeè, ẹ wo ibi tó ti ga yìí, kì í ṣe oúnjẹ nìyẹn, inú ló bí mi lọ́jọ́ yẹn." Dókítà sún àga wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn méjèèjì jọ tẹjú mọ́ fóònù kan náà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ìtọ̀ ṣúgà la sáà ń pe àìsàn yìí. Láyé àtijọ́ ní Íńdíà, àwọn oníṣègùn a máa wò ó bóyá èèrà á bo ìtọ̀ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Willis, ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ wọn dùn bí oyin. Ẹ ò bi mí báwo ló ṣe mọ̀? Kó tó di 1922 tí wọ́n kọ́kọ́ gún èèyàn ní insulínì, tí wọ́n bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tán, kò sí nǹkan gidi tí wọ́n lè ṣe sí i.

Ti ojú náà ti yàtọ̀. Ṣúgà máa ń ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀, torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tó máa wo fọ́tò ẹ̀yìn ojú, tó sì máa dá èsì sọ fúnra ẹ̀, láìsí dókítà ojú níbẹ̀. Wọ́n ya ti Mọ́mì náà, wọ́n gbé àgbọ̀n lé nǹkan, iná bù yẹ̀rì, ó tán. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan. Mọ́mì ní ta ló wò ó? Ó ní kọ̀ǹpútà ni, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló wo kọ̀ǹpútà?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ wo kílíìpù tí wọ́n máa ń há mọ́ ìka èèyàn láti fi ka ọ́síjìn. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló ronú ẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1974, ọgbọ́n ẹ̀ dáa gan-an, iná pupa àtèyí tí ojú ò lè rí ló ń gba inú ìka kọjá, ó wá ń wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbé mì. Àmọ́ awọ dúdú náà ń gbé iná mì! Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn tí kílíìpù sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96 nínú 100, tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní tààràtà, ìdá 11.7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú ni tiwọn ti wálẹ̀ ju 88 lọ, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Ìgbà tó di January 2025 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àbá jáde pé kí àwọn tó ń ṣe é máa dán an wò lára àwọ̀ oríṣiríṣi tó pọ̀ tó. Àádọ́ta ọdún!

Lẹ́yìn òru ọjọ́ yẹn, tí fóònù bá ti ké, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí, "Mọ́mì, ẹ yí apá o," wọ́n á yíra padà, nọ́ńbà á gòkè, kálukú á padà sórí oorun. Ó ti di àṣà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ké, 61. Mo ní apá náà ni, mo tún fi pílò borí díẹ̀, nígbà tí mo fi máa dìde, bẹ́ẹ̀dì wọn ti ṣófo. Kíṣìnì ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó, òógùn ti rin aṣọ wọn, wọ́n di páálí omi èso mú, omi èso tí a ti ní kò gbọ́dọ̀ wọlé wa mọ́. Wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó wò mí lójú.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń pè ẹ́?"