Dánfó Ajah, bọ́ọ̀sì Bournemouth

Fọ́tò kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo gbé e sórí WhatsApp lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá: èmi rèé lókè bọ́ọ̀sì alájà méjì tí kò ní òrùlé, òkun ń dán lẹ́yìn mi, atẹ́gùn fẹ́ ṣí fìlà lórí mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn àbúrò ìyá mi ti wọlé láti Èkó: "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é! Ìwọ ń jayé létí òkun, àwa ń jẹ eruku." Kò pẹ́ tí ọmọ wọn ọkùnrin fi kọ tiẹ̀ ránṣẹ́: "Bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo ọdún tí ẹ ti lò níbẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì náà lẹ ṣì ń wọ̀?" Ìyá rí ọlọ́lá, ọmọ rí òtòṣì, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ti ọmọ ló wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un níbí, kó má baà dà bí ìjà.

Bọ́ọ̀sì tó wà nínú fọ́tò yẹn ni nọ́ńbà 50, èyí tó ń ti Bournemouth lọ sí Swanage, ní etíkun gúúsù England. Ibi tí àwọn òyìnbó ti ń wá lo ìsinmi ni gbogbo agbègbè náà. Iyanrìn etí òkun lọ tààrà fún nǹkan bíi máìlì méje. Bọ́ọ̀sì yìí máa ń gba Sandbanks, níbi tí owó ilé kan ti tó ra àdúgbò, tó bá wá dé ìparí ilẹ̀, yóò wa ara rẹ̀ wọ inú fẹ́rì pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin ni fẹ́rì náà fi ń fa ara rẹ̀ kọjá omi, láti 1926 ni irú rẹ̀ sì ti ń ná ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọkọ̀ tó wọkọ̀! Ìdí tí mo fi ya fọ́tò nìyẹn. Ọjọ́ ìsinmi mi kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ náà ni.

Àwọn ọjọ́ tó kù, bọ́ọ̀sì tèmi kì í gba ẹ̀bá òkun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago méje ni a ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ti òru.

Ti ilé, kí ni mo fẹ́ sọ tí ẹ ò mọ̀? Ajah ni mo ti ń lọ sí Victoria Island fún ọdún mẹ́fà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Jakande, irin ìjókòó tó ń gún ni nídìí, agbèrò tó gun ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bí aṣọ́bodè, owó ọkọ̀ tó fò sókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023. Ẹ̀yin lẹ ń wọ̀ ọ́ lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwa náà ṣáà ní òkun: Elegushi wà, Oniru wà, Eleko wà. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí kí kọ́ńdọ́ máa ké pé "Etí òkun, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Ojú títì ni wọ́n máa já ọ sí, ìwọ ni yóò wá bí o ṣe máa dé inú. Wọ́n sì ti lé ọ̀kadà kúrò ní Eti-Osa láti June 2022.

Níbí, ètò wà, mi ò ní purọ́. Ní January 2023, ìjọba UK ní kí owó ọkọ̀ àlọ kan ṣoṣo ní England má ju pọ́n-ùn 2 lọ. Ní January 2025 wọ́n sọ ọ́ di pọ́n-ùn 3. O kan máa fi káàdì kan ẹ̀rọ ni, kò sí "mi ò ní ṣéńjì o". Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ bá ń dúró ní ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì náà á rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ràkúnmí tó fẹ́ kúnlẹ̀, awakọ̀ á dìde, á tẹ́ pákó fún un, gbogbo wa á dúró títí yóò fi rí ààyè rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún mi ní Èkó, mi ò rí dánfó tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún arọ.

Ṣùgbọ́n tó o bá fara balẹ̀ ka ìwé àkókò bọ́ọ̀sì, wàá mọ ẹni tó ni ìlú. Nígbà ooru, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí etí òkun pọ̀, lókè wọn á ṣí sílẹ̀ fún oòrùn, àwọn ọmọdé á gbé korobá àti iyanrìn wọlé. Tí òtútù bá dé, tí ilẹ̀ ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lóṣù kejìlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á pòórá. Ní àdúgbò tèmi, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Sunday máa ń dé nígbà tí mo ti yẹ kí n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta ni mo fi ń fẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn arúgbó kì í mọ̀ pé ọjọ́ Sunday ni, wọ́n á ṣáà fẹ́ mu tíì. Ìgbà ooru gan-an ní wàhálà tiẹ̀: tí ojú ọjọ́ bá dára, mọ́tò àwọn tó wá gbafẹ́ á dí gbogbo ọ̀nà, bọ́ọ̀sì á dúró gbagidi. Ẹni tó ń lọ wẹ̀, tó bá pẹ́, omi òkun ò ní tán. Èmi tí mo bá pẹ́, ìwé ìkìlọ̀ ń dúró dè mí.

Ìyẹn náà kọ́ ló ń jẹ mí lára. Ìdákẹ́jẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù, mo kí gbogbo ará ọkọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Àwọn tó wà níwájú wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ni mò ń sọ nínú bọ́ọ̀sì, èyí tí gbogbo èrò ń sọ fún awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀: ẹ ṣeun. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi pé gbólóhùn yẹn nìkan ló jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀ di alẹ́.

Olúkúlùkù ló ń wá ìjókòó tí kò sẹ́nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dúró, bẹ́ẹ̀ àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé ó ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni. Mo ka ibùdókọ̀ mẹ́jọ kó tó sọ̀. Ajá máa ń wọ bọ́ọ̀sì níbí, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tú lẹ́nu wọn tí ajá bá wọlé: kí lorúkọ ẹ, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ó ti jẹun? Mo jókòó tì wọ́n. Ká ní mo ní ìrù ni.

Ní dánfó, tó o bá fẹ́ sọ̀, o ní láti lọgun: "Ó wà o! Ó wà ní Agungi!" Tí ohùn rẹ kò bá dé iwájú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á gbà á lẹ́nu rẹ, obìnrin ẹ̀yìn á gbè é, títí gbogbo ọkọ̀ á fi máa bá ọ sọ̀ ní Agungi. Níbí, bọ́tìnnì pupa ni. O tẹ̀ ẹ́, ó dún tín-ín, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìwọ ni.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ńkọ́? Kò sí ẹni tó wọ dánfó Èkó tí wọn ò tíì so pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn rí. Kọ́ńdọ́ á na owó kan sí ẹ̀yin mẹ́ta, "ẹ lọ pín in," ọkọ̀ á ṣí lọ. Wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan àti ọmọ ilé-ìwé kan lọ́jọ́ kan. A lọ bá oní-pure water, kò ní; a lọ bá ẹlẹ́pà, ó ní ká ra ẹ̀pà. Inú ń bí mi, mo ti pẹ́. Kí a tó rí ṣéńjì, màmá ti mọ ìlú bàbá mi, wọ́n ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì níyàwó, wọ́n sì ti bá ọmọ náà wí pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ò pé. Ìyà ni mo pe ìyẹn nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé mo fẹ́ padà. Inú dánfó náà ni àwọn wọ̀n-ṣáǹsì ti gba fóònù àti owó oṣù mi, tí wọ́n tì mí bọ́ sílẹ̀ lórí eré. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́tàlá báyìí, òun nìkan ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-ìwé, ọkàn mi sì balẹ̀ títí yóò fi dé. Ní ti mọ́tò, àbúrò mi, oṣù méjìlá péré ni ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ń jẹ́ fún ẹni tó bá ti di olùgbé níbí. Lẹ́yìn náà wọ́n á dán ọ wò bí ẹni tí kò wakọ̀ rí. Owó adójútòfò tí wọ́n ń bu fún awakọ̀ tuntun, tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, wàá ní mo fẹ́ ṣahun. Ẹ rí i, mo tún ti ń ro ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí sílé ẹjọ́.

Mo ti wá rí ọgbọ́n kan dá. Láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, òfin fún àwọn arúgbó England láàyè láti wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yìí sì máa ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá wà nílé, mo máa ń dúró de aago náà kí n tó lọ sọ́jà. Bàbá kan ti sọ ìtàn orókún rẹ̀ méjèèjì fún mi, ọ̀tún kí òsì tó kàn.

Lóṣù tó kọjá, káàdì ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀ níwájú mi. Ó tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, etí rẹ̀ pọ́n. Mo na káàdì mi kọjá èjìká rẹ̀, mo san pọ́n-ùn 3 fún un. Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ san. Mo rọra ń pè é fún un, mò ń ro ohun tí mo máa bi í: ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tó ń ṣe, ìlú bàbá rẹ̀. Fóònù mi gbọ̀n lápò kí a tó dé ibùdókọ̀ kejì. Owó ti wọlé. Ó dúpẹ́ dáadáa, ó ti nǹkan etí rẹ̀ bọ etí padà, ó sì kọjú sí fèrèsé.