Ìbàdí Ni Ìjókòó Ẹlẹ́ṣin Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ẹṣin gígùn létí òkun Badagry, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé kí ẹ na ẹ̀yìn yín ró. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, àmọ́ kò tó. Ẹni tó bá fi agbára na ẹ̀yìn, àyà rẹ̀ á yọ síwájú, itan rẹ̀ á le gbagidi, ẹṣin á sì máa jù ú sókè bó ṣe ń rìn. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìbàdí ni à á kọ́kọ́ tò. Tí ìbàdí bá ti wà ní àyè rẹ̀, ẹ̀yìn á nà fúnra rẹ̀.

Ẹ jókòó sórí gàárì, kí ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí. Ẹ óò kan egungun méjì tó le, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn méjèèjì ni kó gbé ìwúwo yín dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n sì dojú kọ ilẹ̀ tààrà. Tí wọ́n bá dojú kọ iwájú, ẹ ti rọ̀gbọ̀kú nìyẹn. Tí wọ́n bá dojú kọ ẹ̀yìn, ẹ ti tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín wọnú jù.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi fóònù ya yín. Etí, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká ní ẹṣin pòórá lábẹ́ yín, ẹsẹ̀ yín ló yẹ kí ẹ fi balẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, ìdí ló máa fi lulẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ kò bá sì yé lọ síwájú, ẹ má tíì bá ara yín wí, ẹ wo gàárì ná. Bí ibi tó jìn jù lórí rẹ̀ bá ti wà lẹ́yìn jù, ìdí yín á máa yọ̀ lọ síbẹ̀ ni. Ẹ wo irin tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi orí ìka kan ibi tí awọ rẹ̀ ti so mọ́ gàárì, kí ẹ na irin náà wá sábẹ́ apá. Tó bá kan abíyá, ó sún mọ́ gígùn tó yẹ yín. Apá òsì ni a sì sábà máa ń gbà gun ẹṣin, nítorí náà awọ òsì máa ń fà ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ máa pààrọ̀ wọn.

A kì í fi orúnkún di ẹṣin mú. Bí ẹ bá fún orúnkún mọ́ ọn, ìdí yín á kúrò lórí gàárì, gìgísẹ̀ á sì gòkè. Mo fẹ́ràn ìtàn Lis Hartel, obìnrin ará Denmark tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ní 1944. Láti orúnkún rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣe ni wọ́n ń gbé e sórí ẹṣin. Síbẹ̀ ó gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì Helsinki ní 1952, nínú ìdíje tí wọ́n ti ń wo bí ẹṣin ṣe ń gbọ́ ti ẹni tó gùn ún, ó sì tún gba òmíràn ní 1956. Ìjókòó àti ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á bá a jù ú. Bó ṣe rí nìyẹn: tí ìbàdí bá kọ̀ tí kò bá ẹṣin lọ, ọrùn ló máa jẹ ìyà rẹ̀, orí àgbàlagbà sì tó nǹkan bíi kílò 5. Tí ẹṣin bá ń rìn wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń balẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbé ìbàdí yín lọ́tùn-ún, lósì. Ẹ jẹ́ kó gbé e. Ẹ wo obìnrin tó ru omi: ìdí ń lọ, ọrùn dúró.

Etí òkun wa tún ní ọ̀ràn tirẹ̀: ó dà gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá kọjú sí ìhà Sẹ̀mẹ̀, òkun wà lósì yín, ẹsẹ̀ òsì ẹṣin sì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Gàárì á fẹ́ yọ̀ sósì, ara yín á sì tẹ̀ sọ́tùn-ún láti gba ara rẹ̀ là, títí ìhà ọ̀tún á fi ká. Tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó di àṣà, ẹ óò máa tẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú pàápàá. Bí ẹ bá sì sá gòkè síbi tí iyanrìn ti gbẹ, ó jìn, ó ń fa iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin. Lójú tèmi, ilẹ̀ títẹ́jú tó le lẹ́yìn àwọn igi àgbọn ló yẹ fún ẹ̀kọ́ ìjókòó. Tí ẹ bá wà lẹ́bàá omi, ẹ yára yí padà kí ìhà kejì náà gba tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín wà ní Ojúde Ọba, agbádá lè bo ìjókòó tó wọ́ mọ́lẹ̀ lójú èrò, kò lè bò ó fún ẹ̀yìn ẹṣin. Tí ẹ bá tú gàárì, ẹ wo bí òógùn ṣe rin irun rẹ̀, kó dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn náà jẹ́jẹ́ láti èjìká lọ dé ìbàdí. Bó bá fà sẹ́yìn tàbí tó gbọ̀n, ẹ má gbé gàárì lé e lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí èrò kún etí òkun.