Ilé Bràsíl ni mò ń gbé ní Párísì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé "ṣé kò sí ilé Nàìjíríà níbẹ̀ ni?", kò sí o. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán.

Cité internationale universitaire, tí gbogbo wa ń pè ní Cité U, ni ọgbà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti ní ilé tiwọn. Ó wà ní gúúsù Párísì, ó dojú kọ ọgbà Montsouris. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 34, ilé tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní ogójì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni André Honnorat, tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, rò ó pé bí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi bá jọ gbé, tí wọ́n jọ jẹun, kò ní rọrùn fún wọn láti tún máa yìnbọn síra wọn. Émile Deutsch de la Meurthe, ọlọ́rọ̀ tó fi òwò epo rọ̀bì là, gbé owó kalẹ̀, ilé àkọ́kọ́ sì ṣí lọ́dún 1925. Ogun kejì ṣì jà ṣá, ṣùgbọ́n àwọn ilé náà wà níbẹ̀ dòní. Tùnísíà ní ilé, Mòrókò ní, Cambodia pàápàá ní. Àwa tí ọmọ wa kún gbogbo yunifásítì ayé kò ní. Ẹ lọ bi Àbújá.

Kò ní kẹ́ ẹ má rí yàrá gbà. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn mọ́ tirẹ̀. "Brassage" ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe dé Maison du Brésil, Ilé Bràsíl, nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún Màámi, wọ́n ní, "Bràsíl kẹ̀? Ṣebí Faransé lo ní ò ń lọ!" Bẹ́ẹ̀, Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò àwọn tó padà wá láti Bràsíl, ni wọ́n bí àwọn fúnra wọn sí.

Àwọn ayàwòrán ilé méjì, Lúcio Costa, tó ya ètò Brasília, olú ìlú Bràsíl, àti Le Corbusier, ló ya ilé náà, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1959. Kọnkéré ni, ó dúró lórí òpó, wọ́n kun àwọn fàráńdà rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ilé yíyà máa ń wá yà á ní fọ́tò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sá ṣòkòtò sí fàráńdà kó yáa mọ̀. Yàrá ò ní ìtàn: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fèrèsé.

Kíṣíìnì ni ká sọ. Àwa tá a wà lókè kan náà la jọ ń lò ó. Bí mo bá fẹ́ epo pupa, ata rodo àti gààrí, mà á wọ tram T3a dé Porte d'Orléans, mà á wá wọ métro 4 lọ sí Château Rouge. Ibẹ̀ ni mo ti ra ohun tí mo fi se frejon, ẹ̀wà oníwàrà àgbọn àwọn Àgùdà, lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ọjọ́ náà kì í ṣe họlidé ní Párísì, kíláàsì ni mo ti dé. Mo ti rẹ ẹ̀wà láti alẹ́. Mo sè é títí ó fi rọ̀ dénú, mo lọ̀ ọ́, mo wá ń fi asẹ́ kékeré kan sẹ́ ẹ, èèpo ń dí ojú asẹ́, mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rò ó. Mo da wàrà àgbọn sí i, mo dín iná kù, mo ń rò ó kó má baà jó nídìí.

Àǹtí kan láti Salvador ní Bahia wọlé wá bu omi. (Orúkọ ni gbogbo ayé ń pè é; àǹtí ni lọ́dọ̀ tèmi, ó jù mí lọ dáadáa.) Ó yẹ inú ìkòkò wò, ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní ohun tí ìyá àgbà òun máa ń sè nìyẹn lọ́sẹ̀ Àjíǹde yìí kan náà, ẹ̀wà àti wàrà àgbọn, feijão de leite. Ẹja tí wọ́n fi epo pupa sè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tèmi, ọbẹ̀ ata ni. Ó sáré lọ mú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó gbé wá láti ilé, èmi náà gbé gààrí Ìjẹ̀bú jáde. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro. "Ó ti kan!"

"Ó yẹ kó kan."

Kò gbà. Ó da tirẹ̀ sórí frejon mi, mo jẹ ẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ló rí lẹ́nu mi.

Màámi pè lórí fídíò bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Mo kọjú fóònù sí i. Wọ́n kí ara wọn, ẹnì kan ò gbọ́ èdè ẹnì kejì, Màámi ń gbàdúrà fún un, ó ń ṣe "àmín". Lẹ́yìn tó jáde tán ni wọ́n wá bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ti ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú lọ́sàn-án. Láìbúraríkú, láíbúrárì ló wà látàárọ̀. Mo ní mà á bá wọn bi í.