Èèpo Màgasíìnì Tí Wọ́n Pè Ní Ìwé Ìsìnkú

Ní ọdún tí mo wà ní ìpele kẹta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, páálí mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Màgasíìnì ẹgbẹ́ wa ló kún inú wọn. Ẹ̀dà 300 la tẹ̀, bóyá ni 40 lọ, àwọn tí fótò wọn wà nínú rẹ̀ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú 40 náà. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá wá kí mi a máa fi páálí náà ṣe àga.

Nígbà tó sú mi, mo kó díẹ̀ lọ fún ìyá alákàrà kan, pé kí wọ́n máa fi wé àkàrà. Màmá mú ọ̀kan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra èèpo rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí ti dán jù. Kì í fa epo." Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì fún mi ní àkàrà méjì lé e. Àánú mi ló ṣe wọ́n.

Èmi ni mo ṣe èèpo yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Fótò mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ̀: ti bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ láàárín, ti olórí ẹ̀ka, ti ààrẹ ẹgbẹ́, ti akọ̀wé, àti ti àwọn márùn-ún tó dá owó. Oníkálukú wà nínú àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú agbádá àti fìlà. Àkọlé méje ló yí wọn ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, irú lẹ́tà mẹ́rin ni mo sì lò. Géètì ilé-ìwé wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò bá sọ fún kò lè mọ̀. Lójú mi nígbà yẹn, ó dára gan-an. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń fi han ayé, ohun tó wà nínú ìwé náà kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi.

Ọmọ ìpele kìíní kan ló là mí lójú. Mo na ẹ̀dà kan sí i lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó wo ìwé, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìgbà wo ni ìsìnkú náà?"

Ó rò pé ìwé ètò ìsìnkú ni, pé bàbá tó dé fìlà láàárín yẹn ni olóògbé, pé àwọn yòókù sì ni ọmọ olóògbé. Mo bínú sí i títí di alẹ́. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ tán, tí mo tún gbé ìwé náà wò, ni mo rí ohun tí ó rí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níwájú ìwé tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rà. Ààrẹ àti akọ̀wé jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú agbádá àti fìlà yẹn, wọ́n ti di ẹlòmíràn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún gbé e fún mi. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, mo fi bí ọ̀sẹ̀ kan lọ ń jókòó ti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn àti màgasíìnì, mò ń wo ojú àwọn tó ń kọjá. Bí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró. Ó ń lọ sí kíláàsì, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan. Kí n tó ka "ọ̀kan, èjì" lọ́kàn mi, ó ti kọjá. Ojú èèyàn ló kọ́kọ́ máa ń fà á, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó tóbi jù. Bí ojú èèyàn náà àti ọ̀rọ̀ náà bá jọ ń sọ ohun kan, á yí ọrùn padà. Bí wọn kò bá bára mu, ó lọ nìyẹn. Àkọlé kékeré mẹ́fà yòókù tí a máa ń jà lé lórí nípàdé, mi ò rí ẹni tó kà wọ́n láìtíì mú ìwé náà lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo bi ara mi pé: kí ni gbogbo wa máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kì í ya fótò rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. TDB ni. Ẹni tó bá ti gbé ọgbà yẹn rí mọ̀ pé òun la ń pe kíkàwé mọ́jú. Ẹni tó bá sì ti ṣe é rí mọ̀ pé oorun ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan pé kí ó wá ṣe bí ẹni tó sùn lórí nóòtì rẹ̀. A dé kíláàsì ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ó di ojú, ó gbé orí lé ọwọ́, ó dára bíi ti inú fíìmù, ẹ̀tàn rẹ̀ sì hàn kedere. Mo ya bí ogún, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi. Níbi tí mo ti ń wá ibi tí màá gbé tọ́ọ̀ṣì lé, ọ̀gbẹ́ni sùn lọ ní tòótọ́. Ẹnu rẹ̀ là, bírò ṣì wà láàárín ìka rẹ̀, itọ́ ń bọ̀ sórí nóòtì. Mo gun orí tábìlì, mo yà á láti òkè. Mo fi àyè sílẹ̀ lókè orí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ìwé máa jókòó sí. Èyí ṣe pàtàkì o: ẹni tó bá ya fótò tó kún dẹ́nu, orí èèyàn ni yóò padà tẹ lẹ́tà lé.

Nígbà tó jí, mo fi hàn án kí n tó fi han ẹlòmíràn. Ó wò ó títí. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n ra ìrẹsì pẹ̀lú ẹran méjì. Mo rà á.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i ni "Ẹ MÁ JÍ I!" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo fótò á mọ̀ pé kí a má ṣe dí oorun ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rí i pé jíjí tó jẹ́ olè náà wà níbẹ̀. Ẹnì kan nípàdé ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nítorí pé gbogbo wa kọ́ ni Yorùbá. Òótọ́ ló sọ, a sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àwọn ìlà kékeré ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í rọrùn láti túmọ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí a ń wá náà nìyẹn.

Àfi bí lẹ́tà ṣe wá fi ojú mi rí màbo. Mo ti rí irú lẹ́tà kan tó wù mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ki, ó rí bí èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ. Mo tẹ "Ẹ", àpótí òfìfo ló gbé jáde. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà aláràbarà tí à ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò mọ àmì ìsàlẹ̀ wa rárá. Mo ní kò burú. Mo tẹ "E", mo ya róbótó kékeré kan, mo fi sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò so àmì náà mọ́ ọn. Ìgbà tí a tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò ni a rí i pé ọ̀rọ̀ ti lọ, àmì sì ti bà lé imú ọ̀rẹ́ mi bí eṣinṣin. Ó ní owó ìrẹsì ti lé.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí. "Ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ṣùgbọ́n "ọ́" tàbí "ẹ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: "ọ" ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí, irú lẹ́tà náà ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yẹn yóò dúró. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó gbé e sókè réré. Noto, Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí n tó fẹ́ràn lẹ́tà kankan báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọgbà" sínú rẹ̀. Bí ó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ sì fi àyè sáàárín ìlà bí ẹ bá ń lo lẹ́tà ńlá, torí àmì orí "Á" máa ń gún ìdí ìlà tó wà lókè rẹ̀.

Àwọ̀ náà tún ṣe mí ní tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn fótò náà ní àwọ̀ òru tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, irú aró tó ń tàn. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ń dán bí ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ti di elésè àlùkò. Mo sáré lọ bá bàbá atẹ̀wé ní Lágere.

"Bàbá, ẹ ti ba àwọ̀ mi jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìmọ́lẹ̀ ni tìẹ yẹn. Yíǹkì ni tèmi. Ìmọ́lẹ̀ ò ṣeé dà sórí pépà."

Àlàyé tí mo nílò kò jù bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ń fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ṣe àwọ̀, RGB. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣe é, CMYK, àwọn àwọ̀ kan sì wà tí yíǹkì kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí o bá ti yí fáìlì sí CMYK kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní lè fi ohun tí kò sí tàn ọ́ jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá náà tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọ̀. Mo ní kí orúkọ ìwé pupa, wọ́n ní, "Pupa wo? Ti ẹ̀jẹ̀, ti epo, àbí rúsúrúsú?" Èdè wa kó púpọ̀ sábẹ́ pupa, ó kó púpọ̀ sábẹ́ dúdú, nítorí náà ẹ má fi ẹnu nìkan ran atẹ̀wé níṣẹ́. Mo gé etí àǹkárá kan lọ fún wọn. Àwọ̀ tí mo fẹ́ gan-an ló jáde.

Ìyókù kò gba ariwo. A4 jẹ́ 210 lọ́nà 297 mìlímítà. Ẹ jẹ́ kí fótò yọ kọjá etí ìwé ní mìlímítà 3 yíká, kí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé má baà fi ìlà funfun sílẹ̀. Kí fótò jẹ́ 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú ínǹṣì kan, ní ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bí WhatsApp lẹ ó fi gbà á, ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á ti fún un pọ̀ kó tó dé. Kí ẹ tún sọ èèpo náà di kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, torí orí státọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa kọ́kọ́ rí i. Tiwa yè é: orí kan, ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan ohun tó lè dun ará ilé. Gbogbo ìwé tó bá ti jáde ní Ifẹ̀ ni ẹ máa rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tàbí orí Olókun níwájú rẹ̀. Mi ò kórìíra wọn. Orí Olókun ni wọ́n fi ṣe àmì Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Èkó lọ́dún 1973, ó sì bá a mu, torí àlejò ni wọ́n ń fi í hàn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí i lára pátákó, lára fáìlì àti lára ike omi, ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí Ifẹ̀ hàn, ẹ lo ọgbà fúnra rẹ̀. Àwọn ilé tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, yàwòrán wọn fún yunifásítì yẹn ní ibi tí òkè ti fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ kí ó lè ṣíji bolẹ̀. Lábẹ́ irú òjìji bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ojú èèyàn á rí nínú fótò bí ẹni pé ẹ gbé iná olówó ńlá wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá ìsàlẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé mo yọ fótò wọn kúrò níwájú. Mo fún wọn ní odindi ojú ewé kẹta, fótò ńlá kan, àti ọ̀rọ̀ ìkíni wọn nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní kí a fi ẹ̀dà márùn-ún ránṣẹ́ sí àwọn, pé àwọn ọmọ ilé ń bi àwọn ta ni ẹni tó sùn yẹn. 300 la tún tẹ̀, kò sì sí páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́dún náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ìpele kejì, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Fótò mọ́kànlá ló wà nínú fóònù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa to àwọn wọ̀nyí sí iwájú, kí ẹ fi àwọ̀ góòlù yí wọn ká." Mo ní ta ló fẹ́ kó rà á. Ó dákẹ́, ó ní kí òun lọ bi àwọn ọ̀gá òun. Mo ti ṣí fáìlì kan sílẹ̀ fún un, A4, ohunkóhun kò sí nínú rẹ̀. Kò tíì padà dé.