Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Àkàndé Ti Ń Sáré Kiri Ilé

Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí. Àwọn kan ti ń pè mí, àwọn kan ní àwọn gbọ́ nǹkan lẹ́nu ará àdúgbò. Mi ò lè gbé e nígbà yẹn, torí bí mo bá ti la ẹnu, ẹkún ló ń jáde. Àkàndé ọmọ mi ti délé láti ọsibítù báyìí. Ó ti jẹ àmàlà, ó ti fọ́ ife kan, ó ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà ìpìlẹ̀ ilé yìí mọ bó ṣe rí. Bàbá wọn wà ní Àbújá, èmi ni mo wà ńlẹ̀. Bí iléèwé ṣe gba họ́lídè ni mo ti pinnu pé n óò parí ohun tó kù: táìsì ilé ìdáná, gọ́tà ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, ọ̀dà. Àjọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi lè jẹ́ kó di oṣù kẹsàn-án, owó iléèwé á gbé e mì. Ẹ̀yin ìyá mọ ìṣirò yẹn.

Gọ́tà la kọ́kọ́ ṣe, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni. Ti 2011, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ kan náà ni. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé òjò oṣù kẹjọ ò lágbára, kó lọ bi àwọn tó ń gbé etí odò. Àmọ́ òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín oṣù yẹn, ìgbà yẹn sì ni àwọn akunlé máa ń sáré kun ìta kí òjò tó tún padà dé. Bí akunlé ṣe wọlé mi nìyẹn, lásìkò tí ọmọ mẹ́ta wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ ò rí ilé mi. Iyanrìn tó wà níwájú ilé, wọ́n ti sọ ọ́ di òkè tí wọ́n ń yọ̀ sísàlẹ̀ lórí ẹ̀. Èyí àárín ń fi sìmẹ́ńtì ro ẹ̀kọ fún bèbí ẹ̀. Èmi ń rán aṣọ oníbàárà, mo ń wo ìrẹsì lórí iná, mo tún ń bá oní-táìsì dúnàádúrà lójú fèrèsé. Ọjọ́ kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, inú mi sì ń dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo ń rí i bí ilé ṣe ń di ilé.

Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi kun irin fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá akunlé bu kẹrosíìnì sínú ike omi tí wọ́n ti mu tán, ó fẹ́ máa fi là á, ó gbé e sídìí àkàbà, òun sì gun àkàbà lọ. Kẹrosíìnì inú ike ò yàtọ̀ sómi lójú ọmọdé. Àkàndé ti sáré lórí iyanrìn títí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe ikọ́ òtútù. Mo jáde, mo bá a tó di ike mú, kẹrosíìnì ń ro sílẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n, òórùn yẹn gba gbogbo iwájú ilé.

Igbe mi ló kó àdúgbò jáde. Kí n tó mọ̀, ìyá kan ti gbé ìgò epo pupa dé. Ẹlòmíràn ní mílíìkì ni. Ẹnì kan ní ká ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í jáde. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ la ẹnu ọmọ.

Ọmọ iṣẹ́ akunlé ló figbe ta. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú fọ́tò tí mo gbé síbí nígbà tá a kun pálọ̀. “Ẹ má fún un ní epo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bì!” Bàbá kan bi í pé ta ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní ṣebí òun àti ọ̀gá ẹ̀ náà ló fa wàhálà, kó lọ dákẹ́ sọ́hùn-ún. Kò dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn yẹn, ó kọjú sí mi: “Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ṣe fún àbúrò mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù.” Kò sọ ohun tó gbẹ̀yìn àbúrò náà. Ojú ẹ̀ ti sọ ọ́. Ojoojúmọ́ la ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀, àmọ́ nínú gbogbo àgbà tó dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí.

Mo já ọmọ mi gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá elépo pupa bínú, ó ní tí nǹkan bá ṣe ọmọ, ọwọ́ òun mọ́. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára Àkàndé, ó fi omi àti ọṣẹ fọ àyà àti ọwọ́ ẹ̀, ó mú ike náà dání, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, a lọ. Ọ̀gá ẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ń lọ ra rólà. Ó ṣì ń rà á títí di òní.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ẹ fún un ní nǹkan kan mu? Ṣé ó ti bì?” Mo ní rárá. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní èyí tó bá lọ sínú ikùn kọ́ ni ìṣòro jù, èyí tó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ni. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó ń yọ̀, bí ọmọ bá ń bì í, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń ráyè wọ ibi tí kò yẹ. Epo pupa ò pa oró kankan níbẹ̀, mílíìkì náà ò pa á, èébì ni wọ́n máa ń fà, epo ọ̀hún fúnra ẹ̀ sì tún lè bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó gba ike lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ó ṣeun tó mú un wá.

Wọ́n ya fọ́tò àyà ẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Àkàndé ti ń béèrè bísíkíìtì. Ẹbí ti dé, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀: “Ṣebí ara ẹ̀ ti yá? Kí lẹ tún jókòó ṣe? Owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.” Dókítà ní ó kéré tán, wákàtí 6 làwọn fi ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí fọ́tò àkọ́kọ́ lè mọ́ kí ẹ̀dọ̀fóró sì ti máa wú lábẹ́lẹ̀. Mo jókòó. Ẹ̀gbọ́n kan gbé báàgì, ó ní òun ò lè bá olórí kunkun ṣe, ó lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́wọ́ lé Àkàndé láyà níbi tó sùn sí. Èémí ẹ̀ ti ń yára jù. Ihò imú ẹ̀ ń là, ó ń pa dé. Bó bá ti fa èémí, abẹ́ ìhà ẹ̀ á wọnú, á tún kùn bó bá mí jáde. Mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ohùn ò jáde. Ọmọ iṣẹ́ yẹn, tí ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní kó dúró, ló sáré lọ pè é láti kọ́rídọ̀. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Iná lọ láàárín òru. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, kò sí orúkọ Ọlọ́run tí mi ò pè. Mo ń ka Sáàmù nínú wọ́ọ̀dù, ọmọ iṣẹ́ yẹn yá ẹní lọ́wọ́ olùṣọ́, ó ń kírun lóde. Ṣebí ibi kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

Ká ní mo gbọ́ tiwọn, ká ní a ti gbé e lọ sílé torí bísíkíìtì, inú yàrá nílé là bá wà nígbà tí èémí yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Màmá ọkọ mi tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá láì bi mí ní ìbéèrè kankan, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí pé, “Obìnrin tó lọ́mọ mẹ́ta nílẹ̀, kí ló ń wá kiri nídìí iṣẹ́ ilé?”, mo rí i o. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ mi ni mo ti kà á. Òrùlé tẹ́ ẹ sùn sábẹ́ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wá ṣọdún, ìdí iṣẹ́ ilé lobìnrin yẹn ti rí i. Ẹni tó sì ní ká mú ọmọ iṣẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá torí a ò rí ọ̀gá ẹ̀ mú, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀.

Ẹ ò bi mí, àmọ́ n óò sọ. Oníṣẹ́ tó bá wọlé yín, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ sọ fún un pé ohun tí kì í ṣe omi ò gbọdọ̀ wọ ike omi. Kẹrosíìnì, tínà, ásíìdì bátìrì, gbogbo ẹ̀. Kó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀, kó lọ́mọrí, kó sì wà lókè. Bí ọmọ bá sì mu kẹrosíìnì, ẹ fi epo yín se ọbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ara ẹ̀, ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé ike, ẹ máa lọ.

Ìdúpẹ́ wa di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìrẹsì á wà. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti wá kun géètì tó ṣẹ́ kù, ó ní òun ò gbowó, mo fipá kì í bọ̀ ọ́ lápò. Fírídọ́ọ̀mù ẹ̀ ò jìnnà mọ́, ọ̀gá sì ti sá, ni mo bá lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ wọn. Ó ní òun á fà á lé ọ̀gá mìíràn lọ́wọ́ kó lè parí oṣù tó kù. Aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni n óò rán an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé kíkùn lọ́wọ́ ní Àkóbọ̀ títí dé Ìwó Road, ẹ kọ̀wé sí mi, n óò fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó gbé báàgì lọ́jọ́sí, mo rí i pé ọ̀dà fẹ́ǹsì tiyín ti ń bó. Ẹ̀yin náà lè pè é. Tiyín ò ní àwìn nínú ṣá.