Asẹ́ aquaporin: ibi tó ń jò ni kẹ́ ẹ máa wá

Aquaporin ni purotéènì tí omi ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Peter Agre àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi èyí hàn lọ́dún 1992, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2003. Ibi tó há jù nínú ihò rẹ̀ kò ju bíi nanómítà 0.28 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mólékù omi ń tò kọjá níbẹ̀, iyọ̀ ò sì ráyè gbà. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń fi í sínú asẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun.

AqpZ, ìyẹn aquaporin ti bakitéríà E. coli, ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fi ọṣẹ pẹ̀lẹ́ bíi octyl glucoside yọ ọ́ jáde, wọ́n á fi sínú àpò ọ̀rá tíntìntín, wọ́n á wá yọ ọṣẹ náà kúrò. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù á mú kí àpò máa jò.

Kẹ́míkà méjì, MPD àti TMC, ni wọ́n á wá fi ṣe awọ asẹ́ náà. Wọ́n á da àwọn àpò yìí sínú omi tí MPD wà nínú ẹ̀, gíráàmù 2 nínú mílílítà 100, wọ́n á sì rẹ asẹ́ polysulfone, ìyẹn asẹ́ oníke tó máa gbé awọ náà ró, sínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da TMC tí wọ́n pò mọ́ hexane, ìyẹn ohun olómi tí kì í pò mọ́ omi, lé e, gíráàmù 0.1 nínú mílílítà 100. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni awọ polyamide ti máa dì, á sì mọ àwọn àpò náà mọ́nú.

Kí ẹ tó da TMC, ẹ fara balẹ̀ gbẹ omi orí asẹ́ náà. Ẹ yí róólà rọ́bà lé e, kẹ́ ẹ wá gbé e dábùú síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí ẹ̀kán omi tó ń dán, ẹ tún un yí. Níbi tí ẹ̀kán yẹn bá wà, awọ ò ní lẹ̀ mọ́ asẹ́. Tí ẹ̀rọ bá ti ń ti omi, á ya. Bó bá sì gbẹ jù, awọ ò ní dì dáadáa.

Asẹ́ tó dá ìdá 97 nínú 100 iyọ̀ dúró lè jọni lójú. Ṣùgbọ́n lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35, ìdá 3 tó kọjá sì ju gíráàmù kan lọ. Omi yẹn ò tíì ṣeé mu. Kí asẹ́ kàn máa jẹ́ kí omi tètè kọjá ò sì tó, torí bó ti wù kí omi yára tó, ẹ̀rọ tó ń ti omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí agbára bíi bar 27 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì) tí iyọ̀ òkun fi ń fa omi padà.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ fi kún agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti omi. Lára asẹ́ tí kò jò, iyọ̀ inú omi tó jáde á dín kù, torí omi ló ń pọ̀ sí i. Bí kò bá dín, ó ṣeé ṣe kí ihò wà níbẹ̀.