Ṣíbí Bàbá Sójà ló gbé mi dé Róòmù

Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́, ṣíbí ló gbé mi dé Róòmù. Ṣíbí lásán o. Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́, Bàbá Sójà, ìyẹn àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, ní ṣíbí kan tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi jẹun àfi òun, ó gùn, ó wúwo, wọ́n sì tẹ àmì kan sí ìdí rẹ̀ tí èmi rò pé ìgbálẹ̀ ni. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ìgbálẹ̀ kọ́ o, ọ̀pá ni wọ́n dì pọ̀ yẹn, àáké sì wà láàárín rẹ̀, àwọn Talíánì ló ni ín, Hárárì ni mo ti mú un." Mi ò mọ ibi tó ń jẹ́ Hárárì nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀nà Ìlọrin ni. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé Etiópíà ni, pé ní 1941 àwọn sójà Nàìjíríà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá àwọn ọmọ ogun Mussolini, aláṣẹ Ítálì ìgbà náà, jà kọ́kọ́ wọ Mogadishu lóṣù Kejì, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹta wọ́n ti wà ní Hárárì. Bàbá ti kú tipẹ́. Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà tí wọ́n kú.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn pátápátá, àfi bí mo ṣe rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kan tó pọ́ọ́kú láti Manchester sí Róòmù lóṣù Kẹwàá, ọjọ́ 4 péré, mo bá ní ó yá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ wo Vatican, kí n jẹ písà, kí n ya fótò níwájú Colosseum. Mo ṣe gbogbo ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tán. Èyí tó kù, ipasẹ̀ àmì ara ṣíbí yẹn ni mo ń tọ̀.

Yàrá tí mo gbà ò jìnnà sí Termini, téṣàn rélùwéè ńlá ibẹ̀ (tí n bá ní kí n sọ̀rọ̀ yàrá yẹn a ò ní kúrò ńbẹ̀ lónìí, omi tútù, bẹ́ẹ̀dì tó ń ké bí ewúrẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀). Níwájú téṣàn yẹn gbàgede gbalasa kan wà tó ń jẹ́ Piazza dei Cinquecento, ìyẹn Gbàgede Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn èèyàn dúdú pọ̀ níbẹ̀, mo sì bá ọkùnrin Yorùbá kan tó ń ta wáyà fóònù, bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló ti ní "Ẹ kú ìrìn o àǹtí, ilé ńkọ́?" Mo ní ilé wà, ẹ kú iṣẹ́, mo wá bi í pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kí ni wọ́n ń sọ. Ó ní ó ti pé ọdún 17 tóun ti wà nílùú yìí, ẹnikẹ́ni ò bi òun rí, òun rò pé owó ni. Owó kẹ̀! Sójà ni. Àwọn sójà Ítálì bí 500 tí àwọn ọmọ ogun Ras Alula, ọ̀gágun Etiópíà, pa ní Dogali, nílẹ̀ Eritrea, lọ́dún 1887. Ó tún wá di 1896, Menelik, ọba Etiópíà, tún lù wọ́n bolẹ̀ ní Adwa, ìtìjú yẹn ò sì kúrò lára wọn títí. Ọkùnrin yìí gbọ́ tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "A jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ìyà táwọn èèyàn wa fi jẹ wọ́n ni mo ti ń tajà látọjọ́ yìí!" Ó fi wáyà kan jìn mí.

Àmì yẹn náà ṣì wà káàkiri ìlú o. Lára ilé, lára afárá, àwọn ibòmíì wọ́n ti ha á kúrò ṣùgbọ́n ojú àpá ṣì wà, àwọn ibòmíì wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àtijọ́ pátápátá ni wọ́n ti mú un, láyé àwọn ará Róòmù àtijọ́, àwọn ẹmẹ̀wà tó ń rìn níwájú ìjòyè ló ń gbé e, ọ̀pá láti fi nani, àáké láti fi bẹ́nì lórí. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni Mussolini mú fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Fásíìsì yìí ò ju "ìdì" lọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Mussolini, ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníròyìn, òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bá kiri tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lé e lẹ́gbẹ́ ní 1914 torí ó ní kí Ítálì bọ́ sójú ogun. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1919 ló dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní Milan. Wọ́n dìbò lọ́dún yẹn, wọn ò rí àga ẹyọ kan mú. Ẹyọ kan! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ gbé pósí kiri ìgboro láti fi sín in jẹ pé ó ti kú.

Báwo lẹni tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ kiri ṣe wá di olórí ìjọba láàárín ọdún 3? Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, torí wọ́n kọ́ wa ní sukúù bíi pé ó kàn kó èèyàn jọ ó sì fipá gba ìlú. Irọ́ ni. Ogun 1914 yẹn ti pa àwọn sójà Ítálì bí 600,000, àwọn tó bọ̀ ò ríṣẹ́ ṣe, ọjà wọ́n, ní 1920 àwọn òṣìṣẹ́ gba fáktrì mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ wọ́n jókòó sínú ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóko olóko ní àfonífojì odò Po náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn onílẹ̀. Wọ́n wá wo àwọn ọmọ Mussolini, àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú, sójà àná tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n ní ẹ̀yin gan-an la ń wá. Wọ́n fún wọn lówó, wọ́n fún wọn ní lọ́rì, wọ́n á dé abúlé lóru, wọ́n á dáná sun ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á fi kóńdó lu olórí ẹgbẹ́, wọ́n á wá di í mú wọ́n á rọ epo lárà sí i lẹ́nu, kásítọ ọ́ìlì tí wọ́n máa ń fún ọmọdé tínú ẹ̀ bá le, àmọ́ ìgò odindi ni tàwọn, kí àgbàlagbà lè ya ìgbẹ́ sára níwájú ìyàwó àtọmọ. Ọlọ́pàá ń wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá dọ̀rọ̀ ká da tọ́ọ̀gì sígboro, kò sóhun tẹ́nì kan fẹ́ kọ́ wa, àmọ́ ti epo lárà yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ní 1921 Giolitti, àgbà òṣèlú tó ti ṣe olórí ìjọba láìmọye ìgbà, kó wọn mọ́ orúkọ àwọn tirẹ̀ nígbà ìdìbò, ó rò pé òun á lò wọ́n tán òun á jù wọ́n nù. Wọ́n rí àga 35.

Ọjọ́ kejì mo lọ dúró ní Piazza Venezia, mo ń wo bálíkóní tí Mussolini ti máa ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ó kéré! Mo ti rò pé á ga á sì fẹ̀, àṣé bálíkóní kékeré báyìí ni gbogbo ariwo yẹn ti ń jáde. Òjò ń ṣẹ́, ó sì bá ìtàn náà mu, torí òjò ló pa àwọn ọmọ Mussolini tó ń bọ̀ wá gba Róòmù lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1922, bí 25,000 sí 30,000, ẹlòmíì ò ní ju igi lọ lọ́wọ́, oúnjẹ ò sí. Àwọn sójà ìjọba tó wà nílùú lè tú wọn ká kílẹ̀ tó mọ́. Facta, olórí ìjọba, ti kọ ìwé tí wọ́n á fi kó sójà sígboro, ó kù kí ọba tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọba Vittorio Emanuele ní òun ò tọwọ́ bọ nǹkan kan. Títí di òní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó kó sí i nínú, èmi ò tiẹ̀ bá wọn jiyàn, bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibo wá ni Mussolini wà? Milan! Kò bá ẹnikẹ́ni rìn nínú òjò. Ọba ló ránṣẹ́ pè é, ó wọ rélùwéè alẹ́ tó ní bẹ́ẹ̀dì, ó sùn wọ Róòmù láàárọ̀ ọjọ́ 30, ó di olórí ìjọba lọ́mọ ọdún 39. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn tí òjò ti pa tó wá rìn wọ ìlú bí aṣẹ́gun.

Hitler ní tiẹ̀ fẹ́ wò ó kọ ní Munich ní 1923, wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún 1933 ló tó kọ́gbọ́n, ẹnu ọ̀nà kan náà ló gbà, Hindenburg, ààrẹ Jámánì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í jẹ Ṣáńsẹ́lọ̀, ìyẹn olórí ìjọba.

Ibi tó mú mi jù lọ ní Róòmù, ẹ ẹ̀ lè rí i nínú fótò ẹnikẹ́ni. Etí odò Tiber ni, ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Lungotevere Arnaldo da Brescia, ọkọ̀ ń sáré kọjá, òkúta ìrántí wà níbẹ̀, igi ńlá ló ṣíji bò ó. Mo rìn débẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti bó torí bàtà tuntun (ẹ má wọ bàtà tuntun lọ ìrìnàjò, mo bẹ̀ yín). Níbẹ̀ ni wọ́n ti jí Giacomo Matteotti gbé lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà 1924. Aṣòfin alátakò ni. Mussolini ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó bá mókè nínú ìbò, tó bá ṣáà ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àga di tiẹ̀. Wọ́n wá dìbò lóṣù Kẹrin 1924, kóńdó, ìlù, ojoro. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ni Matteotti dìde nílé aṣòfin, ó ń ka ohun tí wọ́n ṣe níbí, ohun tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n ń pariwo lé e lórí, kò jókòó. Nígbà tó parí, wọ́n ní ó yíjú sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní èmi ti sọ tèmi, ó kù sọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ lọ múra ọ̀rọ̀ òkú mi sílẹ̀. Ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn náà ó jáde nílé, wọ́n wọ́ ọ sínú mọ́tò, wọ́n gún un lọ́bẹ. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn ìlú.

Mo jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Torí ìlú gbóná nígbà yẹn o, gbogbo èèyàn mọ àwọn tó ṣe é, àwọn Fásíìsì gan-an ń bọ́ báàjì àyà wọn sápò. Àwọn aṣòfin alátakò bínú jáde nílé aṣòfin, wọ́n ní àwọn ò padà títí ọba á fi lé ọkùnrin yìí. Ọba ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n dúró níta, wọ́n ń retí, oṣù ń gorí oṣù. Ọjọ́ 3 oṣù Kínní 1925 Mussolini wá dúró nílé aṣòfin kan náà, ó ní gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ló wà, ẹni tó bá lè mú òun kó wá mú òun. Kò sẹ́ni tó mira. Ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú míì mọ́, kò sí ìwé ìròyìn alátakò mọ́, Gramsci, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, wà lẹ́wọ̀n.

Ọjọ́ kẹta mo wọ métírò lọ sí EUR, àdúgbò tí Mussolini ń kọ́ sílẹ̀ de àfihàn ńlá kan tó yẹ kó wáyé ní 1942 tí ogun ò jẹ́. Ilé funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Colosseum onígun mẹ́rin, ó rẹwà, mi ò ní purọ́, ilé iṣẹ́ Fendi ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sókè rẹ̀ lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ìran akéwì ni wọ́n, ìran oníṣẹ́ ọnà, ìran akọni, ìran ẹni mímọ́, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Ọmọge kan ń ya fótò ìgbéyàwó lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu Mussolini ni oríkì yẹn, ọjọ́ tó sọ ọ́ ni 2 oṣù Kẹwàá 1935, lórí bálíkóní kékeré yẹn, nígbà tó ń kéde pé àwọn fẹ́ lọ gba Etiópíà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọdá. Àwọn akéwì àti ẹni mímọ́ yìí fi ọkọ̀ òfuurufú da gáàsì olóró sórí àwọn èèyàn, gáàsì tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní lò mọ́. Láti Lọ́ndọ̀nù, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ WASU rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà Etiópíà. Ìmùlẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ní Geneva ní àwọn á fi ọrọ̀ ajé fìyà jẹ Ítálì, àmọ́ epo bẹntiróòlù ò sí nínú ohun tí wọ́n dá dúró. Epo! Ohun tí táńkì ń mu! Mo wo ọmọge yẹn àti aṣọ funfun rẹ̀, mi ò lè bínú sí i, kí ló fẹ́ mọ̀.

Foro Italico ò gbà mí lásìkò, òkúta gíga kan tí wọ́n kọ MUSSOLINI DUX sí ṣì nàró níbẹ̀, àwọn èèyàn ń gba iwájú rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Porta Capena ni mo fi ọjọ́ tó gbẹ̀yìn lọ wò, torí ibẹ̀ ni òpó òkúta Axum wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n kó ní ègé-ègé láti Etiópíà wá sí Róòmù ní 1937, tó ju 20 mítà lọ ní gíga. Ìwé àdéhùn 1947 ní kí wọ́n dá a padà, 2005 ni wọ́n tó dá a padà. Ẹ̀yin ẹ ṣírò ẹ̀. Mo dúró sójú ibẹ̀, kóríko ni, ọkọ̀ ń yípo, mo ya fótò kóríko.

Mo wá pe àǹtí mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọmọ Bàbá Sójà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já ó ń so. Mo ní "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣíbí Bàbá yẹn dà?" Wọ́n ní ṣíbí wo. Mo ní èyí tó gùn, tó ní àmì nídìí. Wọ́n ní "Háà, o ò ti ẹ̀ kí mi dáadáa, ṣíbí lo ń bèèrè láti ìlú òyìnbó? Ó wà ní kíṣìnnì níbí, òun la fi ń bu iyọ̀." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú kí ó tó wọlé lórí WhatsApp, ṣíbí nínú kóló iyọ̀. Mo fẹ fótò náà títí. Ibi tí àmì yẹn wà ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó kù díẹ̀ lára orí àáké.